Ogún, Ogójì, Ọgọ́ta: Ohun tí Mo Kà Nínú Adágún

Ìrìn-àjò kan ni mo fẹ́ ròyìn fún yín lónìí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, mo gbéra láti Liverpool lọ sí Llanberis, ìlú kékeré kan láàrin àwọn òkè àríwá Wales, láti kópa nínú ìdíje tí wọ́n ń pè ní Slateman. Ẹni tí ó bá wọ irú ìdíje bẹ́ẹ̀ yóò lúwẹ̀ẹ́, yóò gun kẹ̀kẹ́, yóò sì fi eré sísá parí rẹ̀, láìsinmi. Nígbà náà, ọ̀kan ni ó jẹ́ nínú ọ̀wọ́ ìdíje mẹ́ta agbègbè náà. Ìwẹ̀ rẹ̀ tó 1 km, kẹ̀kẹ́ 51 km, eré sísá 11 km.

Kẹ̀kẹ́ àti eré sísá kò bà mí lẹ́rù. Omi ni. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí kí n tó mọ ìwẹ̀ lú. Adágún Llyn Padarn tutù wọ egungun. Kò pẹ́ tí a wọ inú rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹnìkan gbá mi lójú, tí n kò sì lè mí dáadáa mọ́. Mo ti fẹ́ nawọ́ sí àwọn adóòlà-ẹ̀mí nígbà tí mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń ka obì: ní ogún-ogún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọwọ́ ọ̀tún mi bí ó ti ń wọ omi: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí mo bá pé ogún, n ó gbórí sókè wo ọ̀nà. Ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin. N kò ro ti ìjìnlẹ̀ omi mọ́. Ogún tí ó kàn nìkan ni mò ń wá. Ó ku díẹ̀ kí n ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta nígbà tí ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, mo gun kẹ̀kẹ́ kọjá lábẹ́ Yr Wyddfa, òkè tí ó ga ní 1,085 mítà. Mo sì sáré gba Dinorwig, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta pẹlẹbẹ tí a fi ń bo ilé, títí di ọdún 1969.

Ní òpin ìdíje, bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń pín omi bèèrè ohun tí mò ń kà sẹ́nu. Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn àgbà tiwọn ń kà á: ugain ni ogún, deugain ni ogún méjì, trigain ni ogún mẹ́ta. Èdè méjèèjì kò bá ara wọn tan, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Ó fi kún un pé mẹ́wàá-mẹ́wàá ni àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn ń kà báyìí.

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dúró tì wá. Kò lè kà kọjá ẹ̀wá ní Yorùbá. Ẹ̀bi mi ni. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ka owó, òun náà ni mo fi ń sọ aago nínú ilé.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwa méjèèjì jókòó létí adágún, a ń to òkúta wẹ́wẹ́ ní ogún-ogún. Ó bèèrè pé, “Dádì, kí ló dé tí ẹ̀ẹ́dógún fi jẹ́ ogún ó dín márùn-ún?” Mo mú òkúta márùn-ún kúrò nínú òkìtì kan, mo ní kí ó ka èyí tí ó kù. Nígbà tí a to òkìtì kẹrin tán, kí n tó lanu, ó ti pè é: “Ọgọ́rin!”

Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi Yorùbá ka nǹkan kan lónìí, kí ọmọdé kan sì gbọ́ ọ. Ire o.