Ajá, Orúkọ Rẹ̀, àti Ọ̀nà Etí Omi ní Johannesburg

Johannesburg kò ní òkun. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn etí òkun láti ibẹ̀ yóò rin ìrìn àjò tí ó lé ní 550 kìlómítà kí ó tó dé Durban. Góòlù ni ó tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1886, lórí òkè tí ó ga tó 1,700 mítà ju ìpele òkun lọ, kò sì sí odò ńlá kan tí ó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ohun tí ó ní ni àwọn odò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní spruit ní èdè Afrikaans. Òjò tí ó bá rọ̀ sí ìhà àríwá òkè Witwatersrand yóò bá odò Limpopo lọ sínú Òkun Íńdíà. Èyí tí ó bá rọ̀ sí ìhà gúúsù yóò bá odò Vaal àti Orange lọ sínú Òkun Àtìláńtíìkì. Braamfontein Spruit jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ti àríwá. Ní etí rẹ̀, láti agbègbè ìsédò Emmarentia lọ sí Delta Park àti síwájú, ni mo ti máa ń mú ajá mi rìn ní òwúrọ̀. Ọ̀nà náà tẹ́jú, kì í sì í fìyà jẹ orúnkún ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Ta ni ó ni àṣà mímú ajá rìn? Ìbéèrè náà kì í ṣe eré ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2012, Jacob Zuma, tí ó jẹ́ Ààrẹ orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn, sọ̀rọ̀ ní Impendle ní KwaZulu-Natal. Ó ní kí ènìyàn máa ra ajá, kí ó máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kí ó sì máa mú un rìn kiri, àṣà àwọn aláwọ̀ funfun ni. Agbẹnusọ rẹ̀, Mac Maharaj, ṣàlàyé pé ohun tí Ààrẹ ń fẹ́ ni kí ọkàn ọmọ Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ ìmúnisìn. Àwọn kan fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀, àwọn mìíràn bínú. Ní tèmi, kò tó ohun tí à ń fi rẹ́rìn-ín lásán, ṣùgbọ́n ẹ̀rí èdè kò gbè é. Nígbà tí Yorùbá bá ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ẹ wo ohun tí òwe náà ti gbà tẹ́lẹ̀ pé gbogbo wa mọ̀: ènìyàn kan àti ajá kan jọ ń rìn, ìró fèrè sì ni ìdè tí ó so wọ́n pọ̀. A kì í fọn fèrè fún ajá tí a so mọ́ ìdí igi. Àwọn Zulu pàápàá ní inqina, ìyẹn ẹgbẹ́ ọdẹ tí ó ń kó ajá lọ sí ìgbẹ́. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni okùn ọrùn àti ọgbà ìgbafẹ́.

Okùn àti ọgbà náà sì ní ìtàn tiwọn. Òfin tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣe ní ọdún 1953 fún wọn láṣẹ láti ya etí òkun, ọgbà ìgbafẹ́ àti àga ìjókòó sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ọdún 1990 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́. Ènìyàn dúdú tí ó bá ń mú ajá rìn ní irú àdúgbò yìí nígbà náà, ajá ọ̀gá rẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́. Ajá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú mọ̀ dunjú ni ti ọlọ́pàá. Bẹ́ẹ̀ ni ìdìbò ọdún 1994 kò fi òpin sí i kíákíá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000, tẹlifíṣọ̀n SABC gbé fọ́nrán kan jáde tí wọ́n ti yà ní ọdún 1998, níbi tí àwọn ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun ti ń dẹ ajá sí ọkùnrin mẹ́ta láti Mòsáńbíìkì, tí wọ́n ń fi ara wọn kọ́ ajá níṣẹ́, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Kí ẹ ṣàkíyèsí pé àjòjì ni àwọn mẹ́ta náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, ìkọlù sí àwọn àjòjì bẹ̀rẹ̀ ní Alexandra, ó sì tàn ká ìlú. Àwọn tí ó kú lé ní 60. Odò Jukskei ni ó gba Alexandra kọjá, òun náà sì ni Braamfontein Spruit ń ṣàn lọ bá. Àjòjì ni èmi náà.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, àwọn obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ilé máa ń sọ̀kalẹ̀ nínú takisí, wọn a gba ọ̀nà etí odò kọjá lọ sí ibi iṣẹ́. Bí wọ́n bá rí ajá ní ọ̀kánkán, wọn a yà. Wọn kì í dúró bèèrè irú ajá tí ó jẹ́, n kò sì rí ìdí tí wọn ó fi bèèrè. Mo máa ń ká okùn kúrú, n ó bọ́ sínú koríko, n ó ní kí ajá jókòó, n ó sì kọ́kọ́ kí wọn pé Sanibonani. Gbólóhùn odindi ni ìkíni yìí ní ìpilẹ̀ rẹ̀: a rí yín ni ó túmọ̀ sí. N kò mọ ìkíni tí ó bá ibẹ̀ mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ajá náà jẹ́ abo, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó pupa rúsúrúsú, lára irú ajá ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AfriCanis, èyí tí Johan Gallant kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 2002. Kòkànwọ́n ni mo sọ ọ́. Òǹkàwé tí ó gbọ́ Yorùbá ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Nínú agbo ilé, ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é sọ lójú aládùúgbò a fi sọ ajá rẹ̀ lórúkọ. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, a dúró sí ẹnu ọ̀nà, a ké pe ajá kí ó wá jẹun: Tanímọ̀la! Ẹjẹ́ńsinmi! Ajá a sáré dé, ọ̀rọ̀ náà a sì ti dé etí ẹni tí ó ni ín. Bí olúwarẹ̀ bá fèsì, ó ti jẹ́wọ́ pé òun ni à ń bá wí. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ìlò èdè láwùjọ, n kò sì tíì rí ọgbọ́n tí ó mú ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n etí tí ó gbọ́ èdè ni ó nílò. Àwọn tí a jọ ń mú ajá rìn ní Delta Park a máa sọ pé orúkọ náà dùn létí, wọn a sì kọjá lọ. Ìró lásán ni ó jẹ́ fún wọn.

Bàbá kan tí ń tọ́jú ọgbà ní ọ̀kan nínú àwọn ilé etí odò ni ó kọ́kọ́ bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Mo pè é ní baba; òun pè mí ní mkhulu, bàbá àgbà, nítorí irun orí mi. Mo fi Zulu mi tí kò dán mọ́rán ṣàlàyé. Kí n tó parí, ó ti ń fi ọwọ́ lu itan. Ó ní Bazothini ni ajá ilé àwọn ní KwaZulu-Natal, pé ìyá òun ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí àwọn obìnrin àdúgbò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a tú u: ba- ni ‘wọn’, -zo- ń tọ́ka sí ọjọ́ iwájú, -thi ni ‘wí’, -ni ni ‘kí ni’. Kí ni wọn ó wí? Adrian Koopman ti kọ̀wé lórí orúkọ ajá Zulu láti ọdún 1992, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ kí a gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ẹni tí ó sọ orúkọ náà.

Bàbá yìí ní ó dájú pé ìyekan ni wá, nítorí inja ni àwọn ń pe ajá. Ìbéèrè kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń bi mí. Ó dùn mí láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Imbwa ni Shona ń pè é, mbwa ni Swahili. Àwọn wọ̀nyí ni ó sún mọ́ ìpilẹ̀ èdè Bantu jù. Nínú Zulu, mb máa ń di nj bí w bá tẹ̀ lé e: bamba ni ‘mú’, ṣùgbọ́n banjwa ni ‘di mímú’. Ọ̀nà yìí ni mbwa gbà di nja. Ajá tiwa kò gba ọ̀nà náà wá. Bàbá náà gbọ́ mi tán, ó mi orí, ó sì ní ìyekan ni wá síbẹ̀. N kò bá a jiyàn, nítorí orúkọ ni ó ń sọ, kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì.

Òun ni ó sọ ìtumọ̀ náà fún àwọn obìnrin takisí. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó máa ń yà jù tẹ́lẹ̀, ti ń dúró ní báyìí. Kì í fọwọ́ kan ajá, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó fọwọ́ kàn án. Láti ìwọ̀n tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn ni ó ti máa ń ké pe orúkọ náà, ó sì máa ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ọ̀gá rẹ̀ bí ó ti ń pè é. Ó gé ìránmúpè rẹ̀ kúrò, ó sì fa sílébù àárín gùn gẹ́gẹ́ bí èdè Zulu ti ń ṣe. Kòkànwọ́n ń dáhùn.