Fabrizio De André àti èdè ìlú rẹ̀

Ìlú Genoa, ní etíkun Ítálì, ni wọ́n bí Fabrizio De André sí lọ́dún 1940. Ọmọ olówó ni, ṣùgbọ́n àwọn aṣẹ́wó, àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn tí ayé kẹ̀yìn sí ló ń kọrin nípa wọn. Ní 1979, àwọn ajínigbé gbé òun àti Dori Ghezzi, tó di ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn náà, ní erékùṣù Sardinia. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ẹjọ́ dé, ó dárí ji àwọn tó ṣọ́ wọn.

Àwo Crêuza de mä, tí òun àti Mauro Pagani ṣe ní 1984, ló mú àwa onímọ̀ èdè fẹ́ràn rẹ̀. Èdè Ítálì ló fi lókìkí, àmọ́ èdè Genoa ló fi kọ gbogbo àwo yìí, èdè tí ọ̀pọ̀ ará Ítálì gan-an kò gbọ́. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ? Ẹ̀yin tó ń tọ́mọ nílùú tí wọn kì í ti í sọ Yorùbá, ẹ mọ ìbéèrè yẹn dáadáa.

Nínú orin kan, Sidún, bàbá kan ń dárò ọmọ rẹ̀ kékeré tí ogun pa ní Lẹ́bánónì. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ nílé, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yé wa. Àbúrò wa tó ń fọ abọ́ dáwọ́ dúró, ó ní, “Kí ló ṣe bàbá yìí tó ń sunkún?” A kò tíì sọ fún un pé orin arò ni.