Ta Ni Yóò San Owó Ọkọ̀?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta.

Ìjọ wa ní Ìgbọ̀nà níbí ní bọ́ọ̀sì kan. Ó ti pẹ́ tó ti ń kó àwọn ará wá sílé ìsìn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi. Lọ́jọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦200 jálá kan fò dé nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn àgbààgbà ìjọ pèpàdé. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, bọ́ọ̀sì yìí ò lè máa jẹ kó má pa." Wọ́n ní kó máa ná Old Garage láàárín ọ̀sẹ̀, kó máa mú owó wálé; lọ́jọ́ Ìsinmi náà, kí olúkúlùkù máa san ₦200. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi.

Owó wọlé lóòótọ́. Àmọ́ mi ò rí ìyá àgbà kan tí wọ́n máa ń jókòó ní ìlà kejì mọ́. Mo rò pé ara wọn ni kò yá. Nígbà tí mo lọ kí wọn, wọ́n ní, "Dádì, ara mi le. ₦200 ní àlọ, ₦200 ní àbọ̀, bóyá ni èrè irú tí mò ń tà lóòjọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní Ọlọ́run á gbọ́ mi látinú ilé."

Ojú tì mí. Àṣé mo ti ń ta ìwàásù, mi ò mọ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra kọ̀rópe gbọ́dọ̀ jèrè. Ó ń ra epo, ó ń ja tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì, ọmọ rẹ̀ ń lọ síléèwé. Mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n kò ní gba ibi tí èrò kò sí, kò sì ní dúró de arúgbó. Iṣẹ́ yẹn, ti ìlú ni.

Ìlú sì ti ṣe é rí. Láyé Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìjọba Ọ̀ṣun máa ń fi ọkọ̀ ojú irin kó àwọn èèyàn wa láti Èkó wá sí Òṣogbo lọ́fẹ̀ẹ́ tí ọdún bá dé. Ní oṣù Kẹjọ, 2023, ìjọba Èkó gé owó bọ́ọ̀sì tiẹ̀ sí ìdajì. Nígbà Kérésì ọdún yẹn, ìjọba àpapọ̀ náà ṣe ọkọ̀ ojú irin lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dára. Àmọ́ ọdún kì í pẹ́ parí, ìyá onírú sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ Ajé. Ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú tó ń wá lójoojúmọ́ sàn ju ọ̀fẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kan lọ́dún lọ.

Ẹ rántí ará Samáríà yẹn. Ó gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ sórí ẹranko tirẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ilé èrò, ó sanwó fún onílé. Kò ní kí onílé ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí a ń pè ní ọ̀fẹ́, ẹnìkan ló ń san án. Ìbéèrè ni pé, ta ni?

Ohun tí a ṣe rèé. Bọ́ọ̀sì ṣì ń ná Old Garage láàárín ọ̀sẹ̀, awakọ̀ ń gba owó rẹ̀ pé. Owó yẹn ló ń ra epo ọjọ́ Ìsinmi, kò sẹ́ni tó ń sanwó mọ́. Èrè kankan ò kù nílẹ̀ o. Táyà ẹ̀yìn ti jẹ, akápò sì ń kùn sí mi, ó lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ti padà sí ìlà kejì.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ní àdúgbò tiyín, ta ló ń gbé ẹni tí kò lówó ọkọ̀? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀. Olúwa á ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa o.