Ilé Amọ̀ Kì Í Ṣe Ègún

Láti ìgbà tí a ti ń tún ilé amọ̀ bàbá àgbà wa ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi wá: Pásítọ̀, kí ló dé tí ẹ ò wó o, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun? Àwọn kan tiẹ̀ ní ègún ló wà nínú ilé ẹbí yẹn, pé ìdí nìyẹn tó fi ń ya lulẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dáhùn.

Àbúrò bàbá wa obìnrin, tí wọ́n ti lé ní ọdún 80, ló ń gbé ibẹ̀. Yàrá kan ti wó. Àwọn kan nínú ẹbí ní ká ta ilẹ̀, àwọn kan ní ká kó ìyá lọ sí Èkó. Ìyá ní àwọn ò ní fi ilé bàbá àwọn sílẹ̀.

Nígbà tí Nehemáyà dé Jerúsálẹ́mù, kò pariwo. Ó kọ́kọ́ jáde lóru, ó yẹ odi tó wó wò. Àwa náà mú bíríkìlà àti káfíńtà, a yí ilé náà po. Kì í ṣe ayé la rí. Omi la rí! Páànù ti dípẹtà, òjò ń gba ibẹ̀ wọ orí ògiri. Wọ́n sì ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nígbà kan. Amọ̀ máa ń fa omi, á sì tún gbẹ. Sìmẹ́ńtì ò jẹ́ kó gbẹ. Ìta ń dán, inú ń jẹrà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rín bo ìbànújẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ gbọ́ o.

Òrùlé la kọ́kọ́ ṣe. A yọ igi tí ikán ti jẹ. A jẹ́ kí páànù yọ síta dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a fi gọ́tà gba omi rẹ̀ sínú táńkì. Omi tó ń ba ilé jẹ́ ni ìyá fi ń fọṣọ báyìí. A ha sìmẹ́ńtì kúrò, a jẹ́ kí ògiri gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a wá fi ilẹ̀ pupa tí a pò mọ́ iyanrìn rẹ́ ẹ. Ilẹ̀kùn ìrókò àtijọ́ ṣì le, a kàn fá a ni. Ògiri tó nípọn kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán tètè wọlé, nítorí náà sólà kékeré tó fún iná àti fáànù. A ò ra jẹnẹrétọ̀.

Ẹni tó bá ní amọ̀ kì í tọ́jọ́, kó lọ wo Erédò Sùngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa níbí, odi àti yàrà tó lé ní kìlómítà 160, tó ti wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní Ìbàdàn, Demas Nwoko po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì kọ́lé. Ní 2023, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Golden Lion ní Venice, ní Ítálì, fún iṣẹ́ ayé rẹ̀.

A ò sọ pé gbogbo ilé àtijọ́ ló ṣeé gbà là o. Èyí tó bá ti là láti òkè dé ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kó èèyàn jáde, kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó pe ilé bàbá yín ní ilé èṣù, ẹ gorí òrùlé wò. A gba àdúrà, àmọ́ àdúrà kì í dí ihò ara páànù.

Bí ẹ bá wálé fún Ojúde Ọba, kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, ẹ wo ibi tí ìyá yín ń sùn. Ilé tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ nínú ẹbí wa, Olúwa á gbé ẹni tó máa tún un ṣe dìde. Ẹni tó bá gbà á, kó kọ ÀMÍN.