Ẹnubodè Tó Wà Nínú Fáìlì

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wakọ̀ láti Calais wọ Belgium rí á jẹ́rìí mi pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bodè níbẹ̀ mọ́. Pátákó búlúù kan tó ní ìràwọ̀ méjìlá ló máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, orúkọ orílẹ̀-èdè tuntun á wà láàárín rẹ̀, ó tán. Kò sí okùn tí wọ́n ta dí ọ̀nà, kò sí ọlọ́pàá tó ń béèrè ohun tí wọ́n kó sínú bùútù. Fóònù á kàn ké pé òun ti bọ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn. Ìdí nìyí tí àwọn tí a jọ ń gbé ní London fi máa ń sọ pé fífi ọkọ̀ rin ilẹ̀ Yúróòpù kò le rárá: ẹ rọ epo kún, ẹ kọrí sí gúúsù. Òótọ́ ni, fún ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aláwọ̀ ewé ti Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ tèmi. Láti ìgbà tí èmi àti ìyàwó mi ti ń gbèrò láti wa ọkọ̀ wa láti London dé Dubrovnik, ní etí òkun Adriatic, mo ti wá rí i pé wọn ò wó bodè Yúróòpù o. Wọ́n kàn kó o kúrò lójú títì ni, wọ́n gbé e sínú fáìlì.

Àní kí èèyàn tó kúrò ní England ló ti máa bá a pàdé. Ní Folkestone, níbi tí ọkọ̀ ti ń gun orí ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun lọ sí Calais, ọlọ́pàá Faransé ló ń yẹ pásípọ́ọ̀tù wò, lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà abẹ́ òkun náà gùn tó kìlómítà 50, nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 sì ni ìrìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní físà kò ní dé ẹnu ihò náà.

Físà Schengen kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè 29 tó wà nínú àdéhùn Schengen, èyí tó mú bodè kúrò láàárín wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú ni ọ̀dọ̀ ẹni tí èèyàn yóò ti gbà á. Òfin ní orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti pẹ́ jù lọ ni kí ẹ lọ bá. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀ ni. Fún ẹni tó ń wọ bàlúù lọ síbi ìgbéyàwó ní Paris, ìyẹn ò tó nǹkan. Ẹ wá wo ẹni tí yóò gba Faransé, Luxembourg, Jámánì, Austria àti Slovenia kọjá kó tó dé Croatia. Alẹ́ là ń kà nílé wa báyìí bí ẹní ń ka owó èsúsú. Ìyàwó mi fẹ́ràn òkè, ó ní Salzburg kì í ṣe ìlú tí èèyàn ń sùn sí lálẹ́ kan ṣoṣo. Mo ní kò burú, àmọ́ bí a bá ń yọ alẹ́ lára ti Croatia kún ti Austria, ẹ́ḿbásì mìíràn la ó máa kó ìwé lọ yẹn. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé àwa là ń lọ gbafẹ́ ni, àbí fáìlì yìí?"

Ìbéèrè náà kì í ṣe àwàdà lójú mi. Ohun tó mú kí èèyàn yan ọkọ̀ dípò bàlúù ni pé ọkọ̀ gbà á láyè láti dúró níbi tó bá wù ú: ó rí ọjà abúlé kan, ó yà, ó rẹ̀ ẹ́, ó sùn. Ìwé tí físà ń béèrè kò mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ẹ ó sùn láti alẹ́ àkọ́kọ́ dé alẹ́ ìkẹyìn. Wọ́n fẹ́ rí ìwé báńkì, lẹ́tà láti ibi iṣẹ́, àti ìwé adójútòfò ìlera tí agbára rẹ̀ kò dín sí 30,000 yúrò. Owó ìwé náà fúnra rẹ̀ jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, bí wọ́n bá sì ní rárá, owó náà ti lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba ìwé òtẹ́ẹ̀lì tí kò ní í ṣe nǹkan kan pẹ̀lú ibi tí wọ́n fẹ́ lọ, kí fáìlì ṣáà lè kún. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ohun tí mo fara mọ́ ni kí èèyàn di àwọn alẹ́ tó ṣe kókó mú, kó sanwó òtẹ́ẹ̀lì tó ṣeé fagi lé fún ìyókù, kó sì jẹ́ pé inú orílẹ̀-èdè kan náà ni yóò ti máa yí alẹ́ padà bí ọkàn rẹ̀ bá yí. Bí mo bá kọ Jámánì sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, tí mo sùn ní Ulm dípò Munich, n ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ti Bosnia tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Croatia kò so pọ̀ tán ní etí òkun. Ìlú Neum tó jẹ́ ti Bosnia gé e sí méjì, bí ogún kìlómítà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ sí Dubrovnik gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní Croatia níbẹ̀, kó tún padà wọ̀ ọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2022 ni wọ́n ṣí afárá Pelješac, tó gùn ju kìlómítà méjì lọ, ọkọ̀ sì ń gba orí omi kọjá láì fẹsẹ̀ kan Bosnia. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2023, Croatia ti wọ Schengen. Ẹ fojú inú wo ẹni tí wọ́n fún ní físà ẹlẹ́ẹ̀kan tí fóònù sọ fún pé ọ̀nà Neum ló yá: bó bá ti jáde, físà rẹ̀ ti parí iṣẹ́. Ohun kan náà ló ń dúró de ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi ọjọ́ kan lọ wo Mostar ní Bosnia.

Ti owó ojú ọ̀nà kò gba àlàyé púpọ̀. Faransé ń gbà á ní àwọn géètì ojú títì, bẹ́ẹ̀ náà ni Croatia. Jámánì àti Luxembourg ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ kékeré. Austria àti Slovenia ní kí ẹ sanwó sílẹ̀ fún ìwọ̀nba ọjọ́ tí ẹ ó lò. Switzerland ní tirẹ̀ ò mọ ọjọ́ díẹ̀ rárá: owó ọdún kan, 40 fráǹkì, ni wọn yóò gbà, ì báà jẹ́ pé ọ̀sán kan lẹ fẹ́ fi gba ibẹ̀ kọjá. A yọ Switzerland kúrò.

Ọwọ́ ọ̀tún títì tó ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ tí a bí sí London kò ba èmi lẹ́rù. Nàìjíríà náà wakọ̀ ní ọwọ́ òsì bí Gẹ̀ẹ́sì títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Kó tó di ìgbà yẹn, awakọ̀ tó bá gba Ìdíròkò wọ Dahomey, tí Faransé ti kọ́ ní ọwọ́ ọ̀tún, ní láti yí ọwọ́ padà lẹ́nu bodè, gẹ́lẹ́ bí a ó ṣe yí i padà ní Calais. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni yíyá ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ nígbà tí sítíárìn wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Awakọ̀ kò ní rí iwájú. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀. Ìyàwó mi ti ní bí òun bá sọ pé "ẹ má ì lọ," n ò gbọdọ̀ jiyàn.

Mo ti pinnu pé a ó dúró ní Schengen fúnra rẹ̀, abúlé àwọn tó ń gbin àjàrà ní Luxembourg. Níbẹ̀, lórí ọkọ̀ ojú omi kan lórí odò Moselle, ni orílẹ̀-èdè márùn-ún ti fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1985. Ìyàwó mi béèrè bóyá bírò tí wọ́n fi kọ ọ́ la fẹ́ lọ wò. Ó yẹ ká lọ wò ó, nítorí àwa ECOWAS ti fọwọ́ sí tiwa ní Dakar ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979: ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìsí físà. A ṣáájú wọn. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti wakọ̀ láti Èkó lọ sí Accra, tó gba Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji àti Aflao, mọ iye ọwọ́ tí wọ́n nà sí i lójú ọ̀nà tí ìwé ní ó ṣí sílẹ̀.

Àwọn ará Schengen náà sì ti ń rẹ̀yìn. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni Jámánì ti ń yẹ ọkọ̀ wò ní gbogbo bodè ilẹ̀ rẹ̀. Austria ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú Slovenia láti 2015, Slovenia sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Croatia ní 2023. Ẹni tó bá ní àwọ̀ bíi tèmi kì í fi pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n yàn, bodè inú fáìlì ni mo máa mú. Bí wọ́n bá kọ̀ fún èèyàn níbẹ̀, dandan ni kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́. Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ yín ní Sẹ̀mẹ̀ kò ní fún yín ní rìsíìtì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò irú ìrìn yìí pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù bíi tèmi, wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn, wọn kì í sì í gbà á mọ́ bó bá ku ọjọ́ 15. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè fún físà tó gba wíwọlé léraléra, kí ẹ sì ka alẹ́ yín kí ẹ tó san owó òtẹ́ẹ̀lì kankan.