Bí A Ti Ń Béèrè Ebi

Àwọn àgbà ní, bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò lé ebi lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ilé tí ó wọ̀ sí. Ìmọ̀ yìí ni a ṣe aláìní ní ọdún 2023.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù dúró. Owó ọkọ̀ ga, oúnjẹ sì gbówó lórí. Ìjọ tí a jẹ́ olùkọ́ fún dá ìrẹsì, gàrí àti ẹ̀wà jọ, wọ́n sì ní kí a lọ kọ orúkọ àwọn tí ebi ń pa. A mú ìwé àti gègé, a lọ láti ojúlé dé ojúlé. "Ǹjẹ́ ebi ń pa yín nílé yìí?" Ìdáhùn kan náà ni a ń gbà: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." A dé ọ̀dọ̀ opó kan tí ń ta ẹ̀kọ. Igbá rẹ̀ kún. Òun náà dúpẹ́, a kò sì kọ orúkọ rẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a pín oúnjẹ náà tán tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi dákú ní kíláàsì. Nígbà tí a bi í, ó ní láti ọ̀sán àná ni òun ti jẹun gbẹ̀yìn. Ẹ̀kọ inú igbá kì í ṣe ti jíjẹ: bí wọ́n bá jẹ ẹ́, kò ní sí owó àgbàdo ọjọ́ kejì. Ojú tì wá gidigidi.

Lẹ́yìn èyí ni a wá inú ìwé, a sì rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti bá ìṣòro yìí pàdé ṣáájú wa. Láti ọdún 2014 ni FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ń fi ìbéèrè mẹ́jọ wádìí ebi ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù 12 nítorí àìlówó ni wọ́n ń béèrè. Ǹjẹ́ ọkàn yín dààmú pé oúnjẹ kò ní tó? Ǹjẹ́ oúnjẹ tán nínú ilé? Èyí tí ó kẹ́yìn ni pé, ǹjẹ́ ẹ wà ní odindi ọjọ́ kan láìjẹun? Èyí tí ó fúyẹ́ ni ó ṣáájú, kí ahọ́n lè tú.

Àwa àti ìyàwó wa padà tọ opó náà lọ ní ìrọ̀lẹ́, a jókòó nínú yàrá rẹ̀. Nínú ìbéèrè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó dá méje lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni." A ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò sọ èyí fún wa ní ọjọ́sí?" Ó ní, "Olùkọ́, ojúde ni ẹ dúró sí, àwọn alájọgbé mi sì ń gbọ́."

Láti ìgbà náà, a kì í pe àwọn aláìní jọ sí ẹnu ọ̀nà mọ́. Lálẹ́ ni a ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn nílé. Nígbà tí a sì gbọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 pé ọmọ 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Baṣọ̀run, ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ṣèlérí ẹ̀bùn fún wọn, a tún mọ̀ pé ọ̀nà tí a ń gbà fúnni kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọmọ tí ń tòògbé lórí ìwé lè má jẹ́ ọ̀lẹ. Ẹ pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ bi í ní jẹ́jẹ́ ohun tí ó jẹ ní àná. Ẹ má bi í bóyá ebi ń pa á. Yóò dúpẹ́ ni.