Ṣé Agbára Òòfà Máa Ń Tán Bí Bátìrì?

Àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta. Òwe yìí ni àwọn àgbà fi ń dá aláṣejù lẹ́kun. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní físíìsì rí i pé a tún ti ń fi í pa ìbéèrè ọmọdé mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọmọ kan bi mí ní kíláàsì bóyá òòfà, agbára tó so ayé mọ́ oòrùn, lè máa tán lọ díẹ̀díẹ̀ bí bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní irú ìbéèrè yẹn kò lè jáde nínú ìdánwò.

Mo sọ fún wọn pé Paul Dirac, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1933, dá irú àbá yẹn ní 1937. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí àgbáyé ṣe ń dàgbà ni òòfà ń dín kù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tí oòrùn fi di ayé mú ń dẹ̀ nìyẹn: ayé á máa jìnnà sí i, ọdún á sì máa gùn sí i.

Ní 1948, Edward Teller yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti ẹ̀yìn. Bí òòfà bá lágbára ju báyìí lọ láyé àtijọ́, oòrùn ì bá mú jù báyìí lọ, ayé ì bá sì sún mọ́ ọn. Ó ṣírò rẹ̀ pé omi òkun ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa hó ní àsìkò tí egungun tó ti di òkúta jẹ́rìí pé ẹranko ti wà.

Ní 1969, àwọn tó bá Apollo 11 lọ gbé dígí sílẹ̀ lórí òṣùpá. Iná lésà tí wọ́n ń tàn sí i máa ń lọ, á sì padà dé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀. Òun ni wọ́n fi ń wọn bí òṣùpá ṣe jìnnà tó. Lóòótọ́, òṣùpá ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3.8 jìnnà sí wa lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n bí òkun ṣe ń kún tó sì ń fà ló fà á. Nígbà tí wọ́n yọ ìyẹn kúrò, wọn kò rí i pé òòfà ń dín kù bí Dirac ṣe rò.

Ikán Dirac kò mu òkúta, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ ká mọ bí òkúta náà ṣe le tó. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, bí ọmọ bá dá àbá, ẹ bi í pé: "Bó bá jẹ́ òótọ́, kí la máa rí?" Ọmọ tó bá wá ìdáhùn sí ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, ìdánwò ì báà bi í tàbí kó má bi í.